Ìyá Mi Kì Í Ṣe Ọjà Ojú Fèrèsé

Ilé Kejìlá,
Òpópónà Ńlá
(yàrá iwájú wà ní Agbègbè Ìṣòwò, yàrá ẹ̀yìn wà ní Agbègbè Ibùgbé).
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹsàn-án.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tí Ń Pín Ìlú sí Agbègbè,
Yàrá Kẹta, Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
Ilé Iṣẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ LÓRÍ ÌLÀ FUNFUN TÍ Ó GBA INÚ ILÉ WA KỌJÁ, ÀTI LÓRÍ OORUN Ọ̀SÁN ÌYÁ MI

1. Aránṣọ ni mí. Ọdún mẹ́tàlélógún rèé tí mo ti ń ránṣọ nínú ilé tí àdírẹ́sì rẹ̀ wà lókè yìí. Ìyá mi, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin, ni wọ́n ni ilé náà, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí mi sí. Ìwé kíkọ sí ìjọba kò mọ́ mi lára. Bí ọ̀rọ̀ mi bá rí wọ́kuwọ̀ku níbì kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ wọ́nú.

2. Ní oṣù kẹta ọdún yìí, Ìgbìmọ̀ yín ṣe òfin tuntun fún òpópónà wa. Láti ojú títì wọlé dé ogún ẹsẹ̀ bàtà di Agbègbè Ìṣòwò, ohun tí ó bá kù lẹ́yìn rẹ̀ sì di Agbègbè Ibùgbé. A kò gbọdọ̀ sùn, a kò gbọdọ̀ dáná, a kò gbọdọ̀ wẹ̀ ní Agbègbè Ìṣòwò. Bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ ṣòwò ní Agbègbè Ibùgbé. Mo ka òfin náà lára pátákó tí ẹ gbé kọ́, mo sì sọ fún ọkọ mi nílé pé òfin tó dára ni. N kò rò ó kàn án pé ilé wa ju ogún ẹsẹ̀ bàtà lọ.

3. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn náà ni òṣìṣẹ́ yín dé, téèpù ní ọwọ́ kan, agolo ọ̀dà funfun ní ọwọ́ kejì. Gbogbo òpópónà ti ń pè é ní Onítéèpù, n óò sì máa pè é bẹ́ẹ̀ nínú lẹ́tà yìí, kì í ṣe láti rí i fín. Ọmọlúàbí ni. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà kí ó tó fa ìlà funfun láti ara ògiri kan dé ara ògiri kejì. Ìlà náà gba abẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi kọjá. Abẹ́rẹ́ bọ́ sí Agbègbè Ìṣòwò, ibi tí mo ń fẹsẹ̀ tẹ̀ bọ́ sí Agbègbè Ibùgbé. Onítéèpù wò ó títí, ó ní ọwọ́ mi kò rúfin, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ń ṣòwò níbi tí kò yẹ. Mo yí ẹ̀rọ náà padà. Nígbà tí ó tún un wọ̀n, tọwọ́ tẹsẹ̀ mi ti wà lọ́jà, ìdí mi nìkan ni ó kù nílé. Ó lọ béèrè lọ́fíìsì yín, ó sì mú èsì wá pé ìjókòó kì í ṣe òwò. Mo dúpẹ́ fún èyí. Ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi.

4. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀ràn ìdí mi ni ó gbé mi dé iwájú yín. Ọ̀ràn ìyá mi ni. Wọ́n ní àga onígi kan lẹ́bàá fèrèsé yàrá iwájú. Láti ìgbà tí orúnkún ti ń dà wọ́n láàmú ni wọ́n ti ń jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀, tí wọ́n ń wo títì. Wọn kì í ṣòfófó. Wọ́n kàn mọ ẹni tí ó ti kọjá àti ẹni tí kò tíì kọjá ni. Bí wọ́n bá jẹun ọ̀sán tán, wọn a sùn díẹ̀ lórí àga náà. Wákàtí kan ni. Bí ó bá pẹ́ jù, wákàtí kan àbọ̀.

5. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹrin, Onítéèpù bá wọn lójú oorun. Mo ní wọn kò sùn, wọ́n kàn pa ojú dé ni. Ó fa àpótí kan, ó jókòó, ó ṣí ìwé rẹ̀, ó ń retí. Kò pẹ́ tí ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí: "Oorun, pẹ̀lú ìhanrun, ní Agbègbè Ìṣòwò."

6. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun kò le, òfin ló le. Ó ní ohun mẹ́ta péré ni òfin mọ̀ lójú fèrèsé tí ó bá kọjú sí títì: òṣìṣẹ́, oníbàárà, àti ọjà. Ìyá mi ti jí nígbà náà. Ó yíjú sí wọn, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè pé, "Màmá, iṣẹ́ wo ni ẹ ń ṣe níbí?" Ìyá mi ní, "Mò ń wo ìta ni, ọmọ mi." Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kọ "olùṣọ́" sínú ìwé rẹ̀, inú gbogbo wa sì dùn.

Inú dídùn náà kò pé ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́tà dé láti ọ́fíìsì yín pé mo gba olùṣọ́ tí ń sùn lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ pàṣẹ pé kí n fún olùṣọ́ náà ní ìwé "wá wí tẹnu rẹ" kí ọjọ́ méje tó pé.

7. Mo kọ ọ́. Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo jókòó, mo kọ ìwé "wá wí tẹnu rẹ" sí ìyá tí ó bí mi lọ́mọ, mo sì wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tí mo fi lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n ní kí ọkọ mi kà á sí wọn létí lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí ó bá àwọn kọ èsì. Gbólóhùn kan ni èsì náà: "Èmi ni mo bí ọ, ta ló gbà mí síṣẹ́?" Mo gbé e lọ sí Yàrá Kẹta. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fi òǹtẹ̀ lù ú, wọ́n ní kò tó. Ìwé tí ó tẹ̀lé e pàṣẹ pé kí n fún ìyá mi ní ìwé "lọ rọ́kún nílé" fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí mo jíṣẹ́ yìí, ìyá mi béèrè pé ilé wo ni kí àwọn lọ rọ́kún sí. Mo nawọ́ sí òdìkejì ìlà. Ìṣísẹ̀ márùn-ún ni.

8. Onítéèpù fúnra rẹ̀ ni ó bá wa wá ọ̀nà àbáyọ, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé inú rere ni ó fi ṣe é. Ó ní bí ìyá mi bá jẹ́ oníbàárà, wọn kò gbọdọ̀ ju wákàtí méjì lọ láìra nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ọjà lè wà lójú fèrèsé títí ayé, òfin kò sì sọ pé ọjà kò gbọdọ̀ sùn. Ohun tí ó pọn dandan ni kí àkọlé wà lára rẹ̀ tí yóò sọ ohun tí ó jẹ́. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sára páálí, ìwé rẹ̀ sì dára púpọ̀, ó fi kọ́ ẹ̀yìn àga náà: ÀPẸẸRẸ. KÌ Í ṢE TÍTÀ.

Odidi ọjọ́ mẹ́rin ni ẹnikẹ́ni kò fi yọ wá lẹ́nu, àfi ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí tí ó wọlé wá béèrè bóyá àpẹẹrẹ aṣọ ni tàbí àpẹẹrẹ ìyá. Ní ọjọ́ karùn-ún, ìyá mi ní kí n ka ohun tí ó wà lẹ́yìn àwọn. Wọ́n ti rò pé ìpolówó iṣẹ́ mi ni. Mo kà á. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Nígbà tí ẹ̀rín tán, wọ́n ní, "Àpẹẹrẹ kí ni mí?" Wọ́n béèrè ọ̀pá wọn, wọ́n sì wọ yàrá ẹ̀yìn lọ láìjẹ́ kí n di àwọn mú.

9. Fèrèsé yàrá ẹ̀yìn kọjú sí ògiri aládùúgbò. Kò sí ohun tí a lè rí níbẹ̀ ju búlọ́ọ̀kù lọ. Láti oṣù kẹfà ni ìyá mi ti ń wo búlọ́ọ̀kù. Bí mo bá gbé oúnjẹ fún wọn, ààbọ̀ rẹ̀ ni n óò gbé padà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí bóyá àárọ̀ ni tàbí ìrọ̀lẹ́. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo ti ka òfin yín láti òkè dé ìsàlẹ̀, n kò rí ibi tí ó ti fàyè gba àgbà láti wà lọ́jà bí oorun bá ń kùn ún.

10. Bàbá aránbàtà ni ṣọ́ọ̀bù wọn dojú kọ fèrèsé wa. Àwọn nìkan ni wọ́n ń dá gbé. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹjọ oṣù yìí, wọ́n ṣí ewé ilẹ̀kùn kan ní òwúrọ̀, wọ́n sì ṣubú kí wọ́n tó ṣí èkejì. Láti òwúrọ̀ títí di aago mẹ́ta ọ̀sán ni ewé ilẹ̀kùn kan wà ní ṣíṣí tí èkejì wà ní títì. Gbogbo wa ń kọjá. Èmi gan-an kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Mo rò pé wọ́n lọ ra awọ ni. Ẹni tí ó wá gba bàtà rẹ̀ ni ó bá wọn nílẹ̀. Wọ́n wà láàyè, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún wọn kò ká mọ́ dáadáa, ọwọ́ tí wọ́n fi ń ránbàtà.

Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: "Ewé ilẹ̀kùn mélòó ni ó wà ní ṣíṣí?" Mo ní ọ̀kan. Wọ́n ní, "Ẹ rí i, ẹ ò wò ó." Wọn kò sọ ọ́ láti fọ́nnu, wọn kò sì bá mi wí. Ṣùgbọ́n mo mọ̀, bí mo ṣe mọ orúkọ mi, pé bí ìyá mi bá wà ní àyè wọn lọ́jọ́ náà, tíì wọn kò ní tutù kí wọ́n tó pariwo.

11. N kò bẹ̀ yín pé kí ẹ fagi lé òfin. Òpópónà wa nílò ètò. Ẹni tí ń ta irin ti fi irin dí ọ̀nà wa fún ọdún mẹ́ta, òfin yín ni ó gbé e kúrò. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ. Lẹ́yìn òṣìṣẹ́, oníbàárà àti ọjà, ẹ bá wa kọ "onílé" kún un. Bí àyè kò bá sí nínú ìwé fún ohun mẹ́rin, ẹ yọ ọjà kúrò ní ti fèrèsé tiwa. N óò kó àwọn aṣọ tí mo fi kọ́ síbẹ̀ wọlé.

12. Kí ẹ má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, ó yẹ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí báyìí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, ìyá mi dìde fúnra wọn. Wọ́n tẹ ọ̀pá jáde, wọ́n ré ìlà funfun kọjá, wọ́n já páálí ẹ̀yìn àga náà, wọ́n sì jókòó. N kò gbé wọn síbẹ̀, n kò sì ní gbé wọn kúrò. Bí Ìgbìmọ̀ bá fẹ́ rán àwọn tí yóò gbé wọn, ẹnu ọ̀nà wa kò tì. Kí wọ́n kí wọn dáadáa bí wọ́n bá dé. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tètè wá láàárọ̀. Bí ọ̀sán bá ti pọ́n kí wọ́n tó dé, ẹ dákun, ẹ ní kí wọ́n rọra máa sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì dúró níta, nítorí ìyá mi yóò máa sùn.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìparí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Aránṣọ Ilé Kejìlá,
fún ara mi àti fún ìyá mi.