Àgbò Tí Mo Mú Lọ Sí Etíkun

Henchir Lahmar,
ọjọ́ kejì tí a ti òkun dé.

Wided, ọmọ mi,

Ọlọ́run tó jẹ́ kí ẹni tó ti ọmọ ọdún mẹ́fà sùn sí pápá láàárín ewúrẹ́ olówó jókòó lónìí sórí àga onítìmùtìmù, kí ó máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà sí ọmọ rẹ̀ ní Tunis, kò ní ṣàì ṣe tìrẹ náà. Mo jẹ èso ọrọ́ ẹlẹ́gùn-ún fún oṣù mẹ́ta lọ́dún tí òjò kọ̀. Bàtà kan ṣoṣo ni èmi àti àbúrò mi ní, bí òun bá wọ̀ ọ́ láàárọ̀, èmi á wọ̀ ọ́ nírọ̀lẹ́. Àkekèé ta mí lẹ́ẹ̀mẹ́rin, nígbà karùn-ún òun fúnra rẹ̀ ló kú. Kànga wó lù mí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógún, ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi wà nísàlẹ̀ tí mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń jíròrò lókè bóyá kí wọ́n kúkú bo ibẹ̀ mọ́ mi lórí kí oníkálukú máa lọ sílé. Wọn kò bò ó. Lónìí mo ní igi ólífì ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá, ilé mi ní ilẹ̀kùn méjì sí ìta, èmi ni mo kọ́kọ́ gbé fíríìjì wọ abúlé yìí, ìwé tí mo sì kà kò ju ogójì ìrọ̀lẹ́ lọ ní kíláàsì àwọn àgbàlagbà. Oríire tó bá mi nínú ihò, kí ó bá ọ lórí àtẹ̀gùn tí ò ń gùn lójoojúmọ́ yẹn.

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn tí ẹ jọ ń gbé inú ilé gíga náà. Ìyá rẹ ń kí ọ, ó ní kí o má máa fi búrẹ́dì gbígbẹ ṣe oúnjẹ ọ̀sán. Màlúù ti bí.

Má bínú pé ò ń pè mí tí n kò gbé e. Nígbà tí o fi owó ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá, ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ ní owó náà ti wọ inú fóònù mi. Mo bi í lẹ́ẹ̀mejì, ó ní inú fóònù ló wà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti wé fóònù sínú aṣọ, mo sì tì í mọ́ inú àpótí pẹ̀lú ìwé ilẹ̀. Mo máa ń gbọ́ tó ń dún nínú àpótí bí o bá ń pè, ọkàn mi a sì balẹ̀ pé owó ṣì wà níbẹ̀.

O ní kí n sọ bí ìrìn àjò etíkun tí o san owó rẹ̀ fún èmi àti ìyá rẹ ṣe lọ. Ó lọ dáadáa. Fọ́ọ̀mù tí o fi ránṣẹ́, èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́. Wọ́n béèrè ẹni tí wọ́n máa pè bí wàhálà bá ṣẹlẹ̀ sí mi lójú ọ̀nà. Mo kọ orúkọ ara mi, nítorí ó ti lé lógún ọdún tó jẹ́ pé èmi ni gbogbo abúlé yìí ń pè bí wàhálà bá ṣẹlẹ̀. Wọ́n béèrè ohun tí ara mi kò gbà. Mo kọ Boubaker.

Wọ́n wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ẹni tí yóò mú wa kiri yóò dúró dè wá ní ilé epo ìkóríta láago márùn-ún ìdájí pẹ̀lú àsíá aláwọ̀ ìyeyè, kí a máa tẹ̀lé àsíá náà, kí ẹnikẹ́ni má yà kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Wided, ọmọ ilé yìí ni ọ́, dá mi lóhùn: ìgbà wo ni ará Henchir Lahmar ń tẹ̀lé àsíá? Ṣebí ọjọ́ zarda ni, ọjọ́ tí a bá ń lọ sí ibojì Sidi Khlif ẹni mímọ́ wa, tí alásíá ń lọ níwájú, tí a ó pa ẹran, tí a ó jẹ kuskus títí ìgbànú á fi tú. Ta ló sì ń lọ sí zarda lọ́wọ́ òfo? Mo ṣe bí àwọn ará etíkun náà ló ní ẹni mímọ́ tiwọn tí wọ́n ń pè wá sí. Mo mú àgbò tó tóbi jù nínú agbo, oníwo yíyí nì, mo fi làálì kùn ún níwájú orí, mo sì wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Boubaker onígbàjámọ̀ ra ìjókòó tirẹ̀ ní ọjọ́ kejì tó gbọ́ pé a ń lọ. O mọ ìdí. Ọdún méjìdínlógójì ni mo ti ń sọ ọ́ ní ilé kọfí pé mo bá àwọn apẹja ṣiṣẹ́ ní Mahdia kí n tó máa gbẹ́ kànga, pé mo lúwẹ̀ẹ́ láti etíkun dé ibi tí ọkọ̀ ńlá dúró sí, tí mo sì padà láìsinmi. Boubaker kò gbà á gbọ́ rí. Ó ní ẹni tó bá mọ òkun kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí ó dìde lójú gbogbo èèyàn, ó ní Lazhar, ọ̀rọ̀ ti dé ojú omi o, bí o bá wọ inú òkun dé ọrùn níṣojú mi, àga ìdí ògiri tí mo ń jókòó lé, tìrẹ ni títí a ó fi kú. Ṣùgbọ́n bí o kò bá wọ̀ ọ́, ìwọ ni wàá máa gbé kọfí fún wa. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ibi tó kàn yìí, ìwọ nìkan ni kí o kà á, má jẹ́ kí ọkọ rẹ gbọ́. N kò rí òkun rí. Bàbá ìyá rẹ ló fà á. Nígbà tí mo lọ tọrọ ìyá rẹ, ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní òun kò lè fi ọmọ fún ẹni tí kò rí nǹkan kan láyé ju inú ihò lọ. Ibẹ̀ ni ẹnu mi ti là fúnra rẹ̀, ó ní mo ti rí òkun. Ó bi mí pé báwo ni òkun ṣe ń rùn. Mo ní bí amọ̀ tútù ìdí kànga. Ó ní kí n padà wá lọ́jọ́ kẹta, wọ́n sì fún mi ní ìyá rẹ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ẹni tó mọ òkun, nítorí bí mo bá ní n kò mọ̀ ọ́n, á jẹ́ pé irọ́ ni mo fi gbé ìyàwó. Ohun tí mo gbé wọ bọ́ọ̀sì nìyẹn, ó sì wúwo ju àgbò lọ. Ti Boubaker kò tó nǹkan. Ojú ìyá rẹ ni n kò mọ bí mo ṣe máa wò.

Ọmọ Kasserine ni awakọ̀, ó mọ ìṣe wa. Mo fún un ní ìgò òróró ólífì méjì, ó ṣí ikùn bọ́ọ̀sì níbi tí wọ́n ń kó ẹrù sí, ó ní òun kò rí nǹkan kan. Nígbà tí àgbò ké lábẹ́ ẹsẹ̀ wa lójú ọ̀nà, tí alásíá béèrè pé kí nìyẹn, awakọ̀ ní bíréèkì ni.

Ọmọbìnrin kan ni alásíá náà, Sirine ni orúkọ rẹ̀, ó mọ ìtàn gbogbo òkúta. Ó pín ike kékeré fún wa pé kí a há a sí etí, pé òun á máa bá wa sọ̀rọ̀ níbẹ̀ bí òun tilẹ̀ jìnnà. Òótọ́ ni. Ó wà lọ́hùn-ún lẹ́nu ọ̀nà odi Monastir, ohùn rẹ̀ sì wà nínú etí mi. Ó ní kí n wo apá ọ̀tún, mo ní mo ti wò ó. Ó ní ṣé ilé ìṣọ́ ti hàn, mo ní ó ti hàn, ọmọ mi, o ṣeun. Ó ń bá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ bí ẹni tí kò gbọ́ mi, ni mo bá gbé ohùn sókè kí ó má rò pé mo ń gbéra ga, àwọn èèyàn sì ń wò mí. Nígbà tó yá mo yọ ọ́, mo fún ìyá rẹ, nítorí kò yẹ kí ohùn obìnrin mìíràn máa gbé inú etí ọkùnrin tó níyàwó. Ìyá rẹ há tèmi sí etí ọ̀tún, tirẹ̀ sí etí òsì. Ó ní òun gbádùn rẹ̀ gan-an, ó ti pẹ́ tí ẹnìkan ti bá òun sọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ti kànga.

Nígbà tí òkun kọ́kọ́ yọ lójú fèrèsé, Boubaker kò wò ó, èmi ló yíjú sí. Mo ṣe bí ẹni tó rí aládùúgbò àtijọ́. Mo ní ó ti sanra díẹ̀ sí i.

Ní Mahdia ni ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀. Sirine gbé àsíá sókè, ó mú wa gba ẹ̀gbẹ́ ilé iná àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi. Kí ni mo rí? Ibojì. Ibojì funfun lórí òkúta, wọn kò lóǹkà, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ títí dé ẹnu omi bí agbo àgùntàn tó ń lọ mumi. Mo wo ìyá rẹ, mo ní ǹjẹ́ n kò sọ bẹ́ẹ̀. Mo yára padà sí bọ́ọ̀sì, mo mú àgbò jáde, mo fi okùn rẹ̀ yí ọrùn ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹta bí a ti ń ṣe lẹ́nu kànga, mo fà á dé iwájú alásíá. Mo ní Sirine ọmọ mi, èwo nínú wọn ni ti ẹni mímọ́, kí a má fi ọ̀sán ṣòfò. Ó wo àgbò, ó wò mí, ó ní Bàbá, kí lèyí. Mo ní ti zarda ni. Ó ní zarda wo. Mo ní zarda tí o gbé àsíá rẹ̀ dání yìí ńkọ́. Ó wo àsíá ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí, ó ní Bàbá, nítorí kí ẹ má baà sọnù ni mo ṣe gbé e. Mo ní ta ni yóò sọnù, èmi tí mo ń wá omi rí lábẹ́ ilẹ̀? Àwọn tó kù ti yọ fóònù, àgbò ni wọ́n ń yà ní fọ́tò, kò sẹ́ni tó wo òkúta mọ́.

Boubaker wá síwájú, ó ní Lazhar, fi ẹran sílẹ̀, omi tìrẹ ló wà nísàlẹ̀ yẹn, àbí àgbò lo fẹ́ kó bá ọ wọ̀ ọ́?

Àgbò náà kò tíì mumi láti ìdájí. Bí ó ti rí gbogbo omi yẹn lẹ́ẹ̀kan, ó gbéra. Àwọn èèyàn ń pariwo pé kí n tú okùn sílẹ̀. Wided, agbẹ́kànga kì í tú okùn sílẹ̀. Bí o bá tú okùn, ẹnìkan ló máa kú nísàlẹ̀. Ọwọ́ mi kò tilẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń tú u. Ó fà mí gba àárín ibojì, mo ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn òkú bí mo ti ń kọjá lọ́dọ̀ wọn, títí a fi dé èbúté àtijọ́ tí wọ́n gbẹ́ sínú òkúta. Ẹsẹ̀ àgbò yọ̀, ó kó sínú omi, èmi náà sì tẹ̀lé e. Omi dé ọrùn mi. Iyọ̀ ni, Wided. Wọ́n ti ń sọ ọ́ tipẹ́, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé òótọ́ wọn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kò sì rùn bí amọ̀ rárá. Apẹja méjì ló fà wá jáde, àgbò ni wọ́n kọ́kọ́ fà.

Boubaker dúró lórí òkúta, ó ní èyí kò wọlé, àgbò ló lúwẹ̀ẹ́, Lazhar kàn jẹ́ ẹrù ni. Ó yíjú sí ìyá rẹ, ó ní Mbarka, ìwọ tí o mọ̀ ọ́n jù, sọ òótọ́, ṣé bí ẹni tó mọ òkun ṣe ń ṣe nìyí? N kò lè gbé ojú sókè, omi ń kán ní irùngbọ̀n mi. Ìyá rẹ fara balẹ̀ yọ ike etí rẹ̀ kan. Ó ní Boubaker, ìwọ lo ní dé ọrùn. Ọrùn rẹ̀ nìyẹn, wá fọwọ́ kàn án. Ìwọ tí o ń béèrè, bàtà rẹ ṣì gbẹ. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé Sirine pàápàá fi àsíá bojú. Láti àná, èmi ni mo ń jókòó lórí àga ìdí ògiri, kò tilẹ̀ rọrùn tó bí mo ti rò.

Nínú bọ́ọ̀sì, ìyá rẹ ń fún omi aṣọ mi, ó sì rọra sọ ọ́ sí mi létí, ó ní bàbá Wided, amọ̀ tútù ìdí kànga. Ó ní apẹja ará Mahdia ni àbúrò ìyá òun fẹ́, lọ́dọ̀ wọn ni òun ti ń lo gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn láti kékeré, inú èbúté olókùúta yẹn gan-an ni òun ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Lọ́jọ́ tí mo wá tọrọ òun, ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ni òun wà, òun fi eyín di ìborùn mú kí ẹ̀rín má baà bọ́. Bàbá rẹ̀ náà mọ̀, òun ló ń mú un lọ sí Mahdia lọ́dọọdún. Lẹ́yìn tí mo lọ tán, ó ní ọmọkùnrin yìí purọ́ bí ẹni tí kò purọ́ rí, ẹ fún un.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi fún ọdún méjìdínlógójì. Ó ní ṣé o bi mí rí ni.

N kò sọ̀rọ̀ títí a fi délé. O mọ̀ pé èyí kò ṣẹlẹ̀ rí.

A kò pa àgbò náà. Ẹni tó bá bá ọ wọ inú òkun ti di ẹbí. Ó wà lẹ́nu ọ̀nà kejì, ó ń lá iyọ̀ ara rẹ̀.

Ọmọ mi, owó bàtà ni mo fẹ́ kí o fi ránṣẹ́, nítorí bàtà ẹsẹ̀ kan wà nísàlẹ̀ òkun, mo tún ti padà sí bàtà tí kò pé bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé. Fi owó ìjókòó méjì kún un. Má fi í sínú fóònù, ó lè ti kún. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o ṣubú sínú ihò. Bí o bá sì ṣubú, kí àwọn tó wà lókè má gbà láti bò ó. Kí ó fún ọ ní ẹni tí yóò mọ irọ́ rẹ tí kò ní tú u láàárín ọjà. Àmín.

Lọ́jọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, èmi àti ìyá rẹ ń padà lọ sí Mahdia, àwa méjì péré. Boubaker kò gbọdọ̀ gbọ́. Ìyá rẹ ti gé aṣọ fèrèsé àtijọ́, ó ti so ó mọ́ igi tí a fi ń lu ólífì, ó ní n kò gbọdọ̀ yà kúrò lẹ́yìn òun. Òun ni yóò gbé àsíá. Èmi yóò máa tẹ̀lé e, n óò sì máa bi í.

Èmi ni bàbá rẹ,
Lazhar.