Yìnyín Ni Wọ́n Ní Ó Dí Ohùn Bàbá Rẹ Lọ́nà

Ilé Akínlolú ẹ̀gbọ́n rẹ,
Hellersdorf, Berlin.
Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kìíní, ọdún 2019.

Morísọ́lá ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ Fọlọ́runṣọ́,

Mo kí ọ, mo kí ọ, mo tún kí ọ. Ṣé dáadáa lo wà ní Hamburg? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ikọ́ rẹ̀ ti lọ? Ilé gogoro yín ní Osdorfer Born ńkọ́, èyí tí mo gòkè rẹ̀ nígbà Kérésì tí etí mi di, ṣé afẹ́fẹ́ ò tíì ṣí i lórí? Bí o bá béèrè èmi ìyá rẹ, mo wà, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, òtútù nìkan ló ń bá mi jà, kò sì ní borí mi. Yìnyín kò ní gbé ọ ṣubú. Ibi tí o bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀, ilẹ̀ líle ni yóò jẹ́. Àmín.

Gbogbo ará ilé ń kí ọ. Ọmọ tuntun wa, Ọláníyọnu, tí wọ́n torí rẹ̀ gbé mi wá láti Ilé-Olújì, ti ń gbé orí dúró. Láràárọ̀ ni mò ń wẹ̀ ẹ́, mo ń nà án lápá, mo ń nà án lẹ́sẹ̀, mo ń jù ú sókè, Phoebe ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ á sì fi ọwọ́ bo ojú, bí ẹni pé ọkọ rẹ̀ tí mo jù sókè bẹ́ẹ̀ kò dàgbà di ẹnjiníà. Fọláwùnmí àkọ́bí wọn ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà. Mo ń bá a sọ Yorùbá, ó ń fi Jámánì dá mi lóhùn, a sì ń gbọ́ ara wa yé débi pé a máa ń jà. Wàhálà wa ni aṣọ wíwọ̀. Kí ọmọ yẹn tó lè jáde lọ sí ilé ìwé nínú òjò dídì yìí, ṣòkòtò méjì, ìbọ̀sẹ̀ méjì, súwẹ́tà, kóòtù, fìlà, ìbọ̀wọ́, bàtà tó dé orúnkún. A ó wọ̀ ọ́ tán, a ó dè é tán, ìgbà yẹn gan-an ni yóò ní ìtọ̀ ń gbọ̀n òun. A ó tún bẹ̀rẹ̀ látorí fìlà. Aṣọ tútù ló kún orí irin gbígbóná tó wà lára ògiri, gbogbo ilé ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀, a ò sì gbọdọ̀ ṣí fèrèsé.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi gbé bírò nìyí. Ọjọ́ kọkànlá rèé tí mi ò gbọ́ ohùn bàbá rẹ. O mọ̀ pé ibà ń ṣe é lẹ́yìn ọdún tuntun, ó sì ṣèlérí pé gbogbo ọjọ́ Ìsinmi lòun ó máa pè mí. Mo bi Akin, ó ní yìnyín ló bo nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́lẹ̀. Mo ní báwo ni yìnyín Berlin ṣe máa di ẹni tó wà ní Ilé-Olújì lọ́wọ́, ó ní Màmá, òkè ni ohùn ń gbà kọjá, bí òkè bá ti dì, kò lè ré e kọjá. Ó ti yé mi báyìí. Ọ̀rọ̀ Wáásáàpù yìí, bí o bá sọ ọ́ ránṣẹ́, àmì kan á yọ, ìyẹn ni pé ó ti kúrò nílé. Bí àmì náà bá di méjì, ó ti dé ọ̀hún. Gbogbo èyí tí mo sọ ránṣẹ́ sí bàbá rẹ, àmì kọ̀ọ̀kan ni. Mẹ́rìnlá ni wọ́n, gbogbo wọn ló ṣì wà lójú ọ̀nà nínú òtútù yìí. Mo sọ fún un níbẹ̀ pé kó má ṣe fi òògùn rẹ̀ ṣeré, mo sì kọ orin méjì sí i.

Mo wá rò ó pé kíká ọwọ́ gbera kò tún ọ̀ràn ṣe. Àwo kan wà lára báákónì wọn tó ń gba ohùn àti àwòrán láti òkè. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo mú ìgbálẹ̀ tí mo gbé wá láti ilé, mo gbá yìnyín kúrò lára àwo náà, mo gbá báákónì, mo sọ̀kalẹ̀ lọ gbá ẹnu ọ̀nà títí dé ibi tí ọkọ̀ ń gbà. Ìyá òyìnbó tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa jáde, ó na ṣọ́bìrì sí mi. Mo ṣàlàyé fún un ní Yorùbá pé kì í ṣe ọ̀nà ni mò ń là, ohùn ọkọ mi ni. Ó mi orí, ó wọlé lọ po tíì wá fún mi. Ẹni rere ni. Akin jáde bá mi lórí ìbẹ̀rẹ̀, ó dúró, omi ń dà lójú rẹ̀. Ó ní afẹ́fẹ́ ni. Mo ní kó lọ dé fìlà.

Nítorí náà, Àbẹ̀kẹ́, sọ fún bàbá rẹ kó gba ọ̀dọ̀ rẹ pè. Mo gbọ́ pé yìnyín Hamburg kò tó tibí. Gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sínú fóònù rẹ, kí o wá gbé e wọ ọkọ̀ ojú irin wá fún mi. Èyí kò le. Kó ṣáà ti sọ pé ara òun ti yá.

*

Ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Mi ò tíì rí ìwé yìí fi ránṣẹ́. Wọn ò jẹ́ kí n jáde mọ́, wọ́n ní n ó yọ̀ ṣubú. Phoebe tún ní yìnyín ti wọ inú fóònù mi lọ́jọ́ tí mo gbé e dání gbálẹ̀, ó sì ti kì í sínú abọ́ ìrẹsì kan, ó dé e, ó ní kí n má ṣí i fún ọjọ́ méje kí òtútù má baà tún wọ̀ ọ́. Mi ò fọwọ́ kàn án. Mo kàn máa ń kí i bí mo bá ń kọjá.

Wọ́n ń tọ́jú mi, mi ò gbọdọ̀ parọ́ mọ́ wọn. Akin ò lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Schöneberg láti ọjọ́rú, ó ní yìnyín ti dí wọn lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n se adìyẹ lánàá, ó bu ìwe rẹ̀ fún mi. Ìwe, Morísọ́lá! Èyí tí mo ti ń yọ sọ́tọ̀ fún bàbá rẹ láti ogójì ọdún. Mo ní kó gbé e padà, ó dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ mí kí n jẹ ẹ́. Alàgbà Adéoyè náà wá láti ṣọ́ọ̀ṣì wọn, òun àti obìnrin méjì nínú aṣọ funfun. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n gbàdúrà ìtùnú gígùn lé mi lórí, mo ń ṣe àmín, mo rò pé nítorí òtútù ni. Wọ́n jókòó díẹ̀, wọ́n dìde lọ. Ìwọ náà pè sórí fóònù Akin, o sì ní kàtá ò jẹ́ kí o lè sọ̀rọ̀. Fi omi gbígbóná àti orombó sí i.

*

Ọjọ́ Ajé.

Mo ti ki ọwọ́ bọ abọ́ náà. Fóònù kò sí níbẹ̀. Ìrẹsì lásán ni.

Phoebe wà ní balùwẹ̀ pẹ̀lú ọmọ, Akin ti jáde láti ìdájí. Mo gbọ́ tí fóònù mi ń dún nínú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ wọn, lábẹ́ ìró Phoebe. Mo gbé e. Fàúsátù ni, tó ń ta búrẹ́dì lọ́ọ̀kán ilé wa. Ohùn rẹ̀ mọ́ ketekete, yìnyín sì ń bọ́ lójú fèrèsé bí mo ṣe ń gbọ́ ọ. Ó ń béèrè Akin. Mo ní èmi ni. Mo gbọ́ ohùn ènìyàn púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ nínú àgbàlá wa, wọ́n ń fa àga. Mo ní kí ló dé. Ó ní ṣé mo ti jẹun. Mo ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ nìyí, Fàúsátù, fi bàbá Akin fún mi. Ó ní kí n ṣáà jẹun ná, ó sì pa fóònù rẹ̀.

Ṣé ẹ rò pé mi ò mọ ọ̀nà yìí ni? Èmi ni wọ́n rán nígbà tí Fẹ̀sọ̀jayé, àbúrò bàbá rẹ, kú sójú ọ̀nà Òǹdó. Mo sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ọkọ rẹ̀ fara pa. Lọ́jọ́ kejì mo ní wọ́n ti gbé e lọ sí ọsibítù ńlá. Mo jókòó tì í títí ó fi jẹun, nítorí a kì í sọ irú rẹ̀ fún ẹni tí ebi ń pa. Lọ́jọ́ kẹta ni àwọn àgbà wọlé. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo fi pa irọ́ tèmi. Tiyín ti di ọjọ́ márùndínlógún, ẹ sì kó yìnyín mọ́ ọn. Mi ò bínú. Irọ́ ni, inú ń bí mi gidigidi.

Morísọ́lá, ṣé bàbá rẹ ti kú? Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá ti kú, ta ló wẹ̀ ẹ́? Aṣọ wo ni wọ́n wọ̀ fún un? Dàńdógó rẹ̀ wà nínú àpótí páànù ní yàrá mi, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lára mi níbí ní Berlin. Èmi tí mo bá a gbé fún ogójì ọdún, mo ń gbálẹ̀ ní ìlú onílùú kí ohùn rẹ̀ lè rí ọ̀nà kọjá, ẹ̀yin ọmọ mi sì ń wò mí. Ó dùn mí. Ó dùn mí dé eegun.

Owó ni mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ rẹ. Kóòtù tuntun tí o ní o fẹ́ rà fún mi, má rà á mọ́, fi owó rẹ̀ kún owó ọkọ̀ òfurufú kí n máa lọ sílé. Akin ní wọ́n ti ti pápá ọkọ̀ òfurufú nítorí yìnyín, ṣùgbọ́n mo jókòó sójú fèrèsé láti àárọ̀, mo ti ka mẹ́rin tó kọjá lókè. Kí wọ́n má sin ín kí n tó dé. Bí ó bá sì wà láàyè, fún mi lówó ọkọ̀ náà bákan náà, kí n lọ bá a jà pé kò pè mí.

Ọlọ́run yóò dá ọ sí. O ò ní sọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tí kò ní dá ọ lóhùn. Ọkọ rẹ yóò gbó, yóò tọ́, ojú rẹ ni yóò sì ṣe. Àwọn ọmọ rẹ yóò fẹ́ràn rẹ, wọn ò sì ní mọ irọ́ pa fún ọ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Christiana.

Mi ò tíì dí ìwé yìí. Fọláwùnmí tó ti ilé ìwé dé ló ń pè mí sójú fèrèsé. Mo rí yín. Akin ló ṣáájú, Alàgbà Adéoyè tẹ̀lé e, ìwọ lo kẹ́yìn, o ò dé fìlà, yìnyín ti bo orí rẹ. Ọjọ́ iṣẹ́ lònìí, o sì wá láti Hamburg láìsọ fún mi. Ẹ ti dúró sí ìsàlẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ tẹ agogo nínú yín. Máa gòkè bọ̀, Àbẹ̀kẹ́. Mo ti jẹun.