Ọ̀nà Àpáta Gba Inú Ilé Ìdáná Wa

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, Aláǹgbá,

Mo kí ọ tọkàntọkàn, ìyá rẹ náà kí ọ, gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́ ní abúlé ń kí ọ, títí kan àwọn tí o rò pé wọ́n ti gbàgbé rẹ. Ṣé ara le? Ṣé o ń sùn dáadáa? Ṣé o ń jẹun lásìkò? Bí ojúmọ́ ṣe ń mọ́ níbẹ̀, ire ni yóò máa mọ́ bá ọ. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní tẹ òkúta tó ń mì, ọwọ́ rẹ kò sì ní di ohun tó fẹ́ já mú. Àmín.

Ilé gíga tí o ti ń ṣiṣẹ́ ńkọ́? O sọ fún wa pé àpótí onírin kan ló ń gbé yín lọ sí àjà kọkànlá láràárọ̀, pé ẹ kàn ń tẹ bọ́tìnnì ni. Mo béèrè nínú lẹ́tà mi tó kọjá pé ta ló ń fa okùn àpótí náà lókè, o ò dá mi lóhùn. Kì í ṣe pé mo ń tọpinpin o. Èmi tí mo ti ń fi okùn fa èèyàn gun àpáta láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mo mọ̀ pé bí ẹnì kan bá fa èèyàn mẹ́fà láàárọ̀, ó yẹ kó sinmi kí ẹlòmíràn gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bá mi kí ẹni náà. Sọ fún un pé kó máa fi aṣọ wé àtẹ́lẹwọ́.

Ní ti ilé, àlàáfíà la wà. Ewúrẹ́ wa bí mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn dúdú bí ìdí ìkòkò, orí òrùlé ló ń gbé, òrùlé sì ti ń jò nítorí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ ọkùnrin ti wà lọ́dọ̀ wa láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó kọjá. Ó ní ọjọ́ mẹ́ta lòun fẹ́ lò. A ò tíì rí ọjọ́ kẹta náà.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ ìwé yìí, ọ̀rọ̀ ọ̀nà ni, ó sì gùn, torí náà fìdí lé àga.

Ìwọ náà mọ̀ pé ọ̀nà méjì ló dé orí òkè wa. Èkíní ni ọ̀nà mọ́tò tó wà ní ìhà ibi tí oòrùn ti ń yọ, tó ré odò kọjá, tó ń já àwọn àlejò kalẹ̀ nídìí àpáta gan-an. Èkejì ni tiwa, tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọgbà wa, tó gba inú igbó kékeré, tó wá di ibi tí èèyàn ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gùn. Òjò ńlá ti oṣù méjì sẹ́yìn gbé afárá ọ̀nà àkọ́kọ́ lọ. Àwọn ará ọ́fíìsì tó ń bójú tó òkè wá wò ó, wọ́n wọn ihò náà, wọ́n mi orí, wọ́n sì ní àwọn ò ní tún un ṣe. Wọ́n ri géètì onírin síwájú rẹ̀, wọ́n fi àgádágodo sí i. Láti ibi géètì yẹn, ìrìn wákàtí méjì àti ààbọ̀ ni kí àlejò tó fọwọ́ kan àpáta, odò sì wà láàárín.

Wọ́n wá ní àwọn yóò fi ọ̀nà ẹ̀yìn ilé wa rọ́pò rẹ̀, bí a bá lè forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn kí oṣù yìí tó parí. Bí a ò bá ṣe é, wọn yóò ri géètì mọ́ tiwa náà, ẹni tí wọ́n bá sì rí lórí rẹ̀ yóò san owó ìtanràn. Ṣé o rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré? Iṣẹ́ tí mo fi tọ́ ọ, tí mo fi rán ọ nílé ìwé, ó lè di ohun tí wọ́n ń mú èèyàn fún lóṣù tó ń bọ̀.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fún mi ni fọ́ọ̀mù. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́, torí ohun tó bá kan òkè, n kì í sáré ṣe é. Wọ́n béèrè pé báwo ni ọ̀nà náà ṣe le tó, kí n mú nọ́ńbà kan láti oókan dé aárùn-ún. Ìbéèrè yìí yà mí lẹ́nu, torí wọn ò sọ ẹni tó fẹ́ gùn ún. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé fún èmi, oókan ni. Fún onígbàjámọ̀, ẹẹ́rin. Fún télọ̀ tí àkàbà ń dẹ́rù bà, ẹẹ́sàn-án. Fún ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, kó má dán an wò. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ kò gbà á, mo lẹ ìwé mìíràn mọ́ ọn. Wọ́n tún béèrè pé ta ni kí àwọn pè bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀. Mo kọ ọ́ pé kí wọ́n kọ́kọ́ pe Ọlọ́run, kí wọ́n tó pe èmi, torí èmi lè wà níbi tí mi ò ti ní gbọ́. Wọ́n béèrè iye àwọn tó ń gba ọ̀nà náà lọ́dún. Mo kà wọ́n, mo fi àwọn ewúrẹ́ kún un, torí ewúrẹ́ ló lànà náà kí bàbá bàbá mi tó tẹ̀ lé wọn, a kì í sì í yọ olóko kúrò nínú oko rẹ̀.

Arábìnrin kan ló wá láti ọ́fíìsì náà, gbogbo abúlé ń pè é ní Oníbàtà Pupa nítorí bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọmọ dáadáa ni, ó mọ èèyàn kí. Ó ní fọ́ọ̀mù nìkan kò tó, pé a gbọ́dọ̀ gbé fóònù rin ọ̀nà náà, kí fóònù lè ya ìlà rẹ̀ sórí máàpù wọn. Mo bi í pé ṣé fóònù ti gun òkè wa rí. Ó ní rárá. Mo ní kò burú, gbogbo ẹni tó mọ ibẹ̀, èmi ni mo kọ́ wọn, màá kọ́ òun náà.

Mo yá fóònù onígbàjámọ̀. Onígbàjámọ̀ tẹ nǹkan kan lójú rẹ̀, àmì róbótó aláwọ̀ aró kan yọ, ó ní èmi nìyẹn. Mo wò ó dáadáa. Wọn ò fi fìlà mi sí i, ṣùgbọ́n mi ò ráhùn. Mo so fóònù náà mọ́ àyà kí ojú rẹ̀ lè máa wo iwájú, a sì gbéra.

Ọmọ mi, o mọ bí mo ṣe ń kọ́ ọmọṣẹ́. Òkúta tí a bá fẹ́ gùn, a ó kọ́kọ́ fọwọ́ gbá a, a ó gùn ún, a ó sọ̀ kalẹ̀, a ó tún gùn ún, a ó tún sọ̀, ó di ìgbà kẹta kí a tó fi í sílẹ̀. Bí mo ṣe ṣe fún fóònù nìyẹn, láti Àkàbà Ológbò nísàlẹ̀ títí dé Imú Àgbà, òkúta tó yọ síta lókè pátápátá. Mo ń ṣàlàyé fún un bí a ṣe ń lọ. Ibi tó ti yẹ kó ti ọwọ́ òsì bọ ihò, mo dúró kó lè rí i. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, mi ò pa á, torí ọmọṣẹ́ tí o bá kọ́ lọ́jọ́ kan tí o lé e lọ sílé, yóò ti gbàgbé kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi bá mi gbé. Bí iná rẹ̀ bá fẹ́ tán, a ó lọ gba iná lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀. A jọ wọ ilé ìdáná, a jọ lọ sí ṣáláńgá, a jọ lé ewúrẹ́ dúdú yẹn yí ọgbà ká lẹ́ẹ̀meje. Mo wá dá a padà. Onígbàjámọ̀ tẹ nǹkan kan, ó ní ìlà náà ti dé ọ̀dọ̀ Oníbàtà Pupa. Mo ní ó dára, kó ṣe dáadáa níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í dé, torí ọ́fíìsì ti gbé ìlà náà sórí máàpù kí àwọn èèyàn lè dán an wò, ó sì dà bí ẹni pé kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ wò ó fínnífínní. Àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ gbé àpò sẹ́yìn, wọ́n mú ọ̀pá dání, wọ́n tẹjú mọ́ fóònù. Wọ́n gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé, wọ́n kí èmi tí mo jókòó, wọ́n kọjá sí ilé ìdáná, wọ́n kí ìyá rẹ níbi tó ti ń fẹ́ iná, wọ́n ní kó jọ̀ọ́ kó sún díẹ̀, ìkòkò rẹ̀ wà lójú ọ̀nà. Ó sún. Ó rò pé wolé-wolé ni wọ́n. Wọ́n jáde sẹ́yìn, wọ́n lọ dúró lẹ́nu ṣáláńgá. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ wà nínú rẹ̀. Ó ní èèyàn wà níbí o. Wọ́n ní àwọn gbọ́, kó má wulẹ̀ dìde, àwọn kàn fẹ́ kọjá ni. Ó ní kí wọ́n kọjá lọ sí ọ̀run àbí ibo. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n yí ọgbà ká lẹ́ẹ̀meje, ewúrẹ́ dúdú ló ń lé wọn lọ́tẹ̀ yìí.

Nígbà tó fi di Sátidé, wọ́n ti pé méjìlélógún. Ìyá rẹ fi ṣíbí lu ìkòkò, ó ní ọkọ lòun fẹ́, òun ò fẹ́ títì. Síbẹ̀, mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́: ọkùnrin kan nínú wọn tẹ̀ lé ìlà náà bó ṣe wà gẹ́lẹ́, ó gun Imú Àgbà, ó sọ̀, ó gùn, ó sọ̀, títí tó fi pé ẹ̀ẹ̀mẹta, ó wá bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní láyé òun, òun ò fọkàn tán òkúta tó báyìí rí. Mo ní kí ìyá rẹ wá gbọ́. Ó ní òun ò gbọ́ nǹkan kan, èéfín ti dí òun létí.

Oníbàtà Pupa wá fúnra rẹ̀ ní Mọ́ńdè. Òun náà gba ilé ìdáná. Ó jókòó sórí àpótí ìyá rẹ, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó nu ojú, ó wá sọ ohun tí kò pa mí lẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀nà wa dára ju èyí tó bàjẹ́ lọ, ó sì wu òun kó di ti gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá òun kò ní fọwọ́ sí ìlà tó rí bí òwú tí ológbò fi ṣeré. Ó ní kí n rìn ín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láti ẹ̀yìn ọgbà dé orí òkè, láìpadà sẹ́yìn rárá, kí n sì pa fóònù lókè lọ́hùn-ún. Ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù kò ní yẹ̀.

Mo lọ ní Túsìdè. Mo dé abẹ́ Imú Àgbà, mo dúró. Mo sọ fún ara mi pé kí n má dán òkúta wò, kí n kàn gùn ún, ara mi kọ̀. Mo fipá gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé e, orúnkún mi sì ṣe bí ẹni tí wọ́n pè tí kò dáhùn. Mo padà sílé. Mo sọ fún ìyá rẹ pé ó rẹ fóònù. Ó wò mí, ó lọ gbé omi gbígbóná àti aṣọ wá, ó ń fi jó orúnkún mi, ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ tó ti mọ̀ pé ó ń dùn mí. Mo tún lọ ní Tọ́sìdè, ibì kan náà ni mo ti padà. Onígbàjámọ̀ ní òun yóò gbé e lọ bá mi. Ó dé Àkàbà Ológbò, ó dì mọ́ àpáta bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ já lẹ́nu ọmú, ààbọ̀ ọjọ́ la fi yọ ọ́ kúrò níbẹ̀.

Ìwọ nìkan ló kù tó lè gbé fóònù náà dé òkè. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọ́ nígbà tí o kọ́kọ́ gun Imú Àgbà. Mi ò tíì fún ọ láyè, mo kàn gbójú sókè ni, mo rí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ, bí o ṣe gba orúkọ Aláǹgbá nìyẹn. O ò dán òkúta wò, o ò sì padà sẹ́yìn, mo bá ọ wí nítorí rẹ̀. Nígbà tí o dàgbà, o ní o fẹ́ máa mú àlejò gun òkè, mo ní àlejò kò ní tẹ̀ lé obìnrin, kí o lọ wá iṣẹ́ tó ní àga. O lọ, o sì rí iṣẹ́ tó ní àga. Oníbàtà Pupa yìí, obìnrin ni. Mo rí i níbi tó ti ń darí ọkùnrin mẹ́jọ tó ń ri géètì, kò sí èyí tó janpata nínú wọn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń fi ọ̀nà han èèyàn, ìwọ nìkan ni mo fi èyí tí kò tọ́ hàn. Má bínú, ọmọ mi.

Bí o bá ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń gùn ún, má fòyà, màá ṣàlàyé. Ní abẹ́ Imú Àgbà, má wo òkè, ẹsẹ̀ rẹ ni kí o wò. Ìlà funfun kan wà lára òkúta náà, gbé ẹsẹ̀ òsì lé e. Yóò dà bí ẹni pé kò fẹ̀ tó, ṣùgbọ́n yóò gbà ọ́. Na ọwọ́ ọ̀tún sókè títí ìka rẹ yóò fi wọ ihò tó tutù. Bí kò bá tutù, kì í ṣe òun, ihò gbígbẹ ló ń tan èèyàn. Lẹ́yìn náà, sún ìbàdí mọ́ àpáta, mí síta, kí o dìde. Má dán nǹkan kan wò. Mo ti dán gbogbo rẹ̀ wò fún ọ.

Ní ti owó, bí ó bá wà, a nílò okùn tuntun tó gùn tó ogójì ìgbọ̀nwọ́, àti ilẹ̀kùn fún ilé ìdáná, torí ìyá rẹ ní bí òun bá tún rí àlejò kan pẹ̀lú ọ̀pá níwájú ìkòkò òun, òun ni yóò kó jáde. Má fi owó náà gba bánkì. Onígbàjámọ̀ ní ojú ọ̀run ni owó tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ láti ìlú ńlá ń gbà wá, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ gan-an lóṣù yìí. Fi ọwọ́ ara rẹ gbé e wá.

Bí o bá ń bọ̀, fóònù rẹ yóò ní kí o sọ̀ kalẹ̀ níbi géètì. Má dá a lóhùn, kò mọ̀ pé afárá ti lọ. Jókòó sínú mọ́tò títí wàá fi rí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù kí oṣù parí. Láti àárọ̀ Fúráìdè ni màá ti wà níwájú ṣọ́ọ̀bù náà, káfíńtà ti ní òun yóò yá mi ní ìjókòó.

Ọ̀nà rẹ yóò là. Ibi tí o bá fọwọ́ bà, yóò dúró. Ibi tí o bá fẹsẹ̀ tẹ̀, yóò gbà ọ́. Ẹni tó wà lókè rẹ kò ní ta òkúta sí ọ, ìwọ náà kò sì ní ta òkúta sí ẹni tó wà nísàlẹ̀.

Mo fẹ́ gbàgbé. Fọ́ọ̀mù náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ní ìparí rẹ̀, wọ́n ní kí a kọ orúkọ amọ̀nà tí yóò máa mú àwọn èèyàn gba ọ̀nà náà. Tìrẹ ni mo kọ síbẹ̀. Pẹ́ńsù ni mo fi kọ ọ́, kí o lè rí i pa rẹ́ bí kò bá wù ọ́. Ṣùgbọ́n mo tẹ ọwọ́ mọ́ ọn gan-an.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.