Fáànù Tó Ń Yí Tí Kọ̀ǹpútà Ò Rí

Bàbá mi tí mo fẹ́ràn, ẹ̀yin tí ẹ máa ń kí ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó kí ènìyàn,

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní ka ìwé yìí. Nígbà tí ẹ wà láyé pàápàá, ẹ kì í kàwé. Tí lẹ́tà bá dé, èmi lẹ máa ń gbé e fún, ẹ ó wá dijú bí ẹni ń gbọ́ wàásù. Nítorí náà mò ń kà á sókè bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ilé ọlọ yín tó fara ti ilé wa ní Ìwàrò Ọ̀kà ni mo wà, orí àpótí yín ni mo jókòó sí. Ohun kan ṣẹlẹ̀ níbí láàárọ̀ yìí tí mi ò rí ẹlòmíì sọ ọ́ fún.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: mo fọwọ́ ara mi to kọ̀ǹpútà pọ̀.

Mo mọ ohun tí ẹ máa rò. Èmi tí mo kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán ní Ṣúpárè fún oṣù mẹ́jọ, tí mo sá kúrò kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń gé kọ́là. Mo ta aṣọ, mo ta abọ́, mo ṣe irun, gbogbo ìgbà ni mo sì ń sọ fún yín pé èyí ni mo máa dì mú. Ẹ kì í bá mi jiyàn. Ẹ ó kàn ní Ọlọ́run á ràn ọ́ lọ́wọ́, ẹ ó yíjú sí ọlọ yín. Títẹ̀wé fún àwọn ènìyàn ni mo ń ṣe báyìí nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ìkàrẹ́, ó sì ti tó ọdún mẹ́rin. Ẹ ò gbọ́ ìyẹn kí ẹ tó lọ.

Àlòkù kọ̀ǹpútà tí mo ń lò ló kú. Mo wá ń wá ẹ̀yà ara òmíràn jọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rí díẹ̀ ní Ìkàrẹ́, wọ́n fi mọ́tò rán ìyókù wá láti Àkúrẹ́, wọ́n wé wọn sínú aṣọ bí ọmọ tuntun. Mo tẹ́ ẹní sórí tábìlì tí ẹ máa ń gbé òṣùwọ̀n lé, mo ń wo bí wọ́n ṣe ń tò ó lórí fóònù mi, mo ń dá a dúró, mo ń dá a padà. Ìwé mẹ́wàá péré ni mo kà nílé ẹ̀kọ́, Bàbá. Gbogbo ìgbà tí mo bá mú nǹkan kan lọ́wọ́ ni mò ń bi ara mi pé ta ló ní kí n dán an wò.

Màmá wà, wọ́n ń kí yín. Òòyì kàn ń kọ́ wọn díẹ̀ tí wọ́n bá dìde lórí ẹní ìkírun láàárọ̀. Mo ti ní kí wọ́n máa jẹun dáadáa.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tan kọ̀ǹpútà náà, iná kékeré tàn nínú rẹ̀, fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í yí, mo sì ń sunkún bí ẹni tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ bímọ. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ dúdú, ọ̀rọ̀ funfun yọ lórí rẹ̀. Ó ní òun ò rí fáànù tó yẹ kó máa fẹ́ ọpọlọ òun. Ó ní kí n tẹ bọ́tìnnì kan tí mo bá fẹ́ kí òun máa bá iṣẹ́ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ohun pẹlẹbẹ kan wà nínú rẹ̀ tí kò tóbi ju bisikíìtì lọ, òun ló ń ronú fún gbogbo ìyókù. Bó ṣe ń ronú ni ara rẹ̀ ń gbóná. Tí atẹ́gùn ò bá fẹ́ sí i, á gbóná títí á fi kú mọ́ni lọ́wọ́, ó sì lè má jí mọ́. Nítorí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbé fáànù lé e lórí. Mo sì gbé e lé e. Mo ń rí i tó ń yí. Ohun tó bà mí lẹ́rù nìyẹn: mò ń fi ojú mi rí fáànù, kọ̀ǹpútà ní kò sí fáànù.

Mo tẹ bọ́tìnnì. Ó ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì ó tún kìlọ̀, mo tún tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́. Mo tú fáànù, mo nu ún, mo dè é padà, ìkìlọ̀ náà ò kúrò. Mo wá wọ mọ́tò, mo gbé gbogbo rẹ̀ lé ẹsẹ̀, mo lọ bá Wàídì, ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Ìkàrẹ́. Ó tàn án, ó tẹjú mọ́ fáànù, ó rẹ́rìn-ín.

“Àǹtí mi, ṣé fáànù yìí ò yí ni?”

“Ó ń yí.”

“Kí lẹ wá ń bá a jà sí? Ẹ jẹ́ ká pa á lẹ́nu mọ́.”

Ó tẹ ibì kan, ó tẹ ibòmíì, ó ṣí ojú ewé kan tó wà nísàlẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà náà. Ó fi hàn mí pé àyè kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti lè sọ fún un pé kó má ka ọ̀rọ̀ fáànù sí mọ́. Tí a bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, kò ní yọ wá lẹ́nu títí ayé. Ó ní kí n fọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́, kí n lè mọ̀ ọ́n fún ọjọ́ mìíràn.

Ìka mi ti wà lórí ẹ̀. Bàbá, ibẹ̀ ni mo ti rántí yín.

Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnì kan, Màmá pàápàá ò mọ̀. Nígbà ọyẹ́ tí ẹ rí kẹ́yìn, ẹ dúró lẹ́ẹ̀mẹta lórí òkè tí a ń gùn dé ilé ọlọ, ẹ fọwọ́ ti àpáta. Ẹ sọ fún mi pé èémí ò dé ìsàlẹ̀ àyà yín mọ́. Mò ń múra láti lọ kó aṣọ nígbà yẹn. Mo ní àgbà ni, mo ní ọyẹ́ ni. Mo mú òróró ìpara, mo fi ra yín láyà, mo rọra ṣe é, ẹ tiẹ̀ dúpẹ́. Ṣùgbọ́n èmi nìkan ló mọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Mo fẹ́ kí ẹ dákẹ́ kí n lè máa lọ. Ẹ sì dákẹ́. Ẹ ò tún sọ ọ́ mọ́, mo wá ń kà á sí ìlera. Nígbà tí mo dé láti ọjà, mo bi yín bí ara ṣe rí, ẹ ní a dúpẹ́. Oṣù náà ò tán tí wọ́n fi pè mí pé ẹ ti lọ.

Ṣé ẹ mọ̀ pé mo fẹ́ kí ẹ dákẹ́ ni? Ṣé nítorí mi lẹ ṣe dákẹ́?

Mo gbé ọwọ́ mi kúrò lórí bọ́tìnnì. Mo sọ fún Wàídì pé rárá, pé mo fẹ́ mọ ohun tó ń wí.

“Ẹ̀yin ará Ọ̀kà,” ó ní, “orí yín le bí àpáta yín. Ẹ gbé e lọ. Tó bá jóná, ẹ má gbé eérú rẹ̀ wá síbí o.”

Mo gbé e padà wálé. Láàárọ̀ yìí, lẹ́yìn tí oòrùn yọ sí àpáta, mo wọ inú ilé ọlọ, mo rí sukurudíráfà yín lórí ìṣó. Èyí tó ní èèkù igi, tí òógùn ọwọ́ yín ti sọ di dúdú. Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń fi í ṣe. Kí ẹ tó da àgbàdo ẹnikẹ́ni sínú ọlọ, ẹ ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì sáré lófìfo, ẹ ó fi ẹnu irin kan ara rẹ̀, ẹ ó fi èèkù sí etí, ẹ ó dijú. Àwọn obìnrin á ti tò dé ìta pẹ̀lú gbàgúdá gbígbẹ lórí.

“Bàbá Ẹlẹ́rọ, ìyàwó yín lẹ ń bá sọ̀rọ̀ yẹn àbí ẹ́ńjìnnì?”

“Ìyàwó mi á ní kò sí nǹkan tó ń ṣe òun,” ni ẹ máa ń dáhùn láìlajú. “Eléyìí ò parọ́ fún mi rí.”

Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Ojú á máa tì mí, mo rò pé ẹ kàn ń ṣe àṣehàn lójú ènìyàn ni. Láàárọ̀ yìí mo tan kọ̀ǹpútà, mo fi ẹnu irin náà kan férémù fáànù jẹ́jẹ́, mo fi èèkù rẹ̀ sí etí.

Bàbá. Mi ò mọ̀ pé irin ń sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí mi ò gbọ́ rárá tẹ́lẹ̀ wá kún etí mi, ó ń dún bí oyin nínú ihò igi, ó tẹ́jú, kò kọsẹ̀, kò ha. Ohun tí ẹ ń gbọ́ láràárọ̀ fún gbogbo ọdún yẹn nìyí, tí èmi ń rò pé eré ni. Mo dijú, mi ò mọ̀gbà tí mo dijú.

Mo wá mọ̀ pé ara fáànù le. Ṣé kọ̀ǹpútà ló wá ń purọ́? Mo rántí ìgbà tí bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ọlọ ń han, tí gbogbo wa ń bú bẹ́líìtì, tí ẹ ní kí a fi ẹni tí wọ́n ń fẹjọ́ rẹ̀ sùn sílẹ̀, kí a lọ bi ẹni tó ń ráhùn pé kí ló rí. Mo fi ìka tọ wáyà fáànù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ibi tó wọlé sí lára bọ́ọ̀dù, pátákó pẹlẹbẹ tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́. Mo wọ gíláàsì, mo tan tọ́ọ̀ṣì. Ihò méjì ló wà níbẹ̀ tó jọra bí ìbejì, lẹ́tà tín-tìn-tín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọ̀kan wà fún fáànù ọpọlọ, èkejì wà fún fáànù tó ń fẹ́ inú àpótí kọ̀ǹpútà. Inú èkejì ni mo ki wáyà bọ̀.

Iná ń dé ọ̀dọ̀ fáànù, ó ń yí, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n ojú ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń wá a, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Kò parọ́ lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi ń sọ ohun tó rí fún mi.

Mo pa á, mo yọ wáyà, mo ki í bọ ihò ti fáànù ọpọlọ, mo tún tàn án. Fáànù kọ́kọ́ pariwo, ó wá rọlẹ̀. Ìkìlọ̀ ò yọ. Mo wá ṣí ojú ewé tí Wàídì fi hàn mí. Bàbá, nọ́ńbà wà níbẹ̀ tó ń yí padà lójú mi. Kọ̀ǹpútà ń ka iye ìgbà tí fáànù ń yí po ní ìṣẹ́jú kan. Ó ń lọ sókè díẹ̀, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀ díẹ̀, kò sinmi. Gbogbo òwúrọ̀, kó tó gba iṣẹ́ kankan lọ́wọ́ mi, ó ti ń fi etí sí ara ẹni tí ẹ̀mí òun wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ló kọ́ ọ? Ibo ni ẹni tó ṣe nǹkan yìí ti rí yín?

Mo jókòó, mò ń wo nọ́ńbà náà bí ẹni ń wo ìràwọ̀. Nígbà tí mo dìde, inú ilé ni mo lọ.

Màmá wà lórí ẹní wọn, wọ́n fọwọ́ ti ògiri. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo bi wọ́n pé ìgbà wo ni òòyì yìí bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kò sí nǹkan tó ń ṣe àwọn. Mi ò dìde.

“Ṣé o ò lọ sí Ìkàrẹ́ lónìí ni?”

“Mi ò tíì lọ, Màmá.”

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Láti inú ààwẹ̀ ni òòyì náà ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì ní balùwẹ̀, ẹsẹ̀ òsì ń kú mọ́ wọn lára, wọ́n sì ti sọ fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Òótọ́ ni, wọ́n sọ fún mi. Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n mi ò já lu ọ̀rọ̀ wọn. Mo jẹ́ kó tán lẹ́nu wọn.

Ọsibítù Ìkàrẹ́ la ń lọ. Mo ti pe onímọ́tò, ó ní òun ti kọjá Sìmẹ́rìn, kò ní pẹ́ dé. Màmá ń wẹ̀ lọ́wọ́, mo ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ díẹ̀, mò ń gbọ́ ìró omi láti ibi tí mo jókòó sí. Tí ìró náà bá dáwọ́ dúró, màá fi bírò sílẹ̀, màá sáré.

Mo ti dá sukurudíráfà padà sórí ìṣó. Ẹ forí jì mí, Bàbá.

Èmi ọmọ yín, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi etí sílẹ̀.