Ọ̀gágun Tó Sun Ìgbọ́kẹ̀

                                        Barnfield Estate,
                                        Woolwich,
                                        London.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta, ọdún 2025.

Mọ́wùnmí, ọ̀rẹ́ mi tí mo fọkàn tán,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun Mọ́mì ti fúyẹ́ díẹ̀? Àwa náà dúpẹ́. Òtútù ò jẹ́ ká gbádùn, ṣùgbọ́n Gabriel ọkọ mi ń wa bọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ, Moráyọ̀ ọmọ wa sì ti wọ ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Thamesmead West.

Ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tó ti kú tipẹ́ ló ń bí mi nínú. O rántí bàbá òyìnbó tí mo ń tọ́jú, Daddy Asher, tí ilé wọn wà nítòsí bárékè àwọn sójà. Àwòrán bàbá ńlá wọn wà lára ògiri pálọ̀: Ọ̀gágun Pelham, irùngbọ̀n bí ìgbálẹ̀, àyà níwájú bí àkùkọ. Bí mo bá ti gbé tíì fún Daddy, ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Woolwich níbí ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń yin àgbá. Àbúrò bàbá rẹ̀ ló bá a bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó gbà á. Wọ́n rán an lọ sí Íńdíà. Ọjọ́ tí ogun gbóná, inú rírun dá a dúbúlẹ̀, wọ́n sì gbé e ga lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n rán an lọ síbòmíràn, ẹṣin ta á nípàá, wọ́n tún gbé e ga. Èmi tí mo bá pẹ́ díẹ̀ dé ẹnu iṣẹ́, fóònù ilé iṣẹ́ tó ń rán mi káàkiri á ti máa dún.

Ìgbà tó di àgbàlagbà tán ló wá dé Áfíríkà. Daddy ní ó dúró sí òdìkejì odò, ó ń yin ọta iná sí ìlú kan tó kọ̀ láti ṣí ọ̀nà fáwọn oníṣòwò òyìnbó. Bí wọ́n ṣe ń ṣàpèjúwe odò yẹn àti òkè olórí méjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ mi dúró lórí ife. Ìgbọ́kẹ̀ ni, ìlú wa. Ahoro tí a máa ń gbà kọjá lọ sílé ìwé, òun ló sọ ọ́ di ahoro. Ilé koríko ló dáná sun lọ́jọ́ ọjà, kò tilẹ̀ sọdá odò. Wọ́n wá fún un ní àmì ẹ̀yẹ ìgboyà! Ó padà sí Woolwich, ó ń jágbe mọ́ àwọn ìránṣẹ́ títí eegun ẹja fi há a lọ́fun nídìí oúnjẹ. Bí akọni wọn ṣe kú nìyẹn.

Lẹ́yìn èyí ni Chloe, ọmọ Daddy, wá sọ fún mi pé wọ́n fẹ́ gbé pátákó ìrántí rẹ̀ kọ́ sára gbọ̀ngàn kan. Ó fẹ́ kí n wé gèlè, kí n gbé òdòdó, kí n sì dúpẹ́ lórúkọ àwọn tí bàbá wọn mú àlàáfíà wá fún. Ẹ̀rù bà mí, torí iṣẹ́ lè bọ́. Síbẹ̀ mo sọ fún un pé ilé àwọn baba ńlá mi wà lára èyí tó jó, n ò sì lè dúpẹ́ iná.

Chloe ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Daddy ló bi mí pé, “Èèyàn mélòó ló kú?”

Mo ní, “A ò mọ̀, Daddy. Àwọn tí ì bá kà wọ́n wà lára wọn.”

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ilé iṣẹ́ wa ní Chloe ò fẹ́ mi mọ́, wọ́n sì gbé mi lọ sílé mìíràn. Wọ́n ṣe ayẹyẹ wọn láìsí mi. Mo gbọ́ pé wáìnì pọ̀, àtẹ́wọ́ náà sì pọ̀.

Lánàá, Daddy fúnra wọn pè mí. N ò gbọ́ “má bínú” kankan lẹ́nu wọn. Wọ́n kàn ní kí n pe orúkọ ìlú náà dáadáa fún àwọn. Mo pè é. Wọ́n gbìyànjú, ahọ́n wọn ò gbé e. Mo ní kí wọ́n tún un pè.

Bá mi kí Mọ́mì àti Ọlábímpé àbúrò rẹ, sì fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu fún mi.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Ìyèbíyè.