Ọ̀rọ̀ Mẹ́ta Tó Wà ní Kọ̀rọ̀ Ògiri

Ọjọ́rú, 6 oṣù Kẹta

Ìwé, jókòó dáadáa kí o má ṣubú: nínú gbogbo ọmọ tí obìnrin ti bí, èmi nìkan ṣoṣo ni òkú ń kọ̀wé sí. Kì í ṣe àlá. Pẹ́ńsùlù gidi, lára ògiri pálọ̀ wa, lónìí olónìí. Èmi kan náà sì ni mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí Bàámi sọ nínú ilé yìí. Ọba méje ò ní irú oyè yẹn.

Bó ṣe lọ nìyí. Oṣù mẹ́jọ rèé tí Bàámi ti kú. Ìwé rẹ̀ — páálí mẹ́tàlélógún — ló kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀gbẹ́ la fi ń rìn bí alákàn. Òpó kan yọ láàárín ògiri pálọ̀, ó fi kọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ọdún mẹ́wàá ni Bàámi fi ń sọ pé òun máa kan pẹpẹ ìwé síbẹ̀. Màámi ní òun á ṣe é fún un. Kápẹ́ńtà dé lọ́jọ́ Ajé.

Arúgbó. Kò sí ohun tí kì í wọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta: lókè, láàárín, nísàlẹ̀. Mo ti sọ ọ́ ní Bàbá Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó ní kò sí ògiri tó tọ́ láyé. Bí èèyàn bá gbé pákó tó tọ́ síbi ògiri tó wọ́, aláǹgbá á fi àárín wọn ṣe géètì. Ó ní kí n wá di orí téèpù mú. Mo ní ọwọ́ ń dùn mí. Ó wo ọwọ́ mi. "Èyí tó o fi ń jẹ búrẹ́dì yẹn náà?" N kò di téèpù kankan mú.

Láàárọ̀ yìí wá ni. Kọ̀rọ̀ ọ̀tún, níbi tó ti ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò lánàá. Ìkọ̀wé Bàámi pátápátá — M bí òrùlé ilé méjì, O tí kì í panu dé:

MO N BO

Ẹ̀gbọ́n Màámi ló kọ́kọ́ rí i. Sáírìn. (Ohùn rẹ̀ ni mo fi sọ ọ́.) Ariwo tó pa, ẹyẹ mẹ́rìnlá já lulẹ̀ ládùúgbò, mo kà wọ́n. "Ó ń bọ̀! Yéè, ọkọ àbúrò mi ń bọ̀!" Ó ti dé ẹnu géètì kí ó tó rántí pé bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀. Bàbá Ẹ̀ẹ̀mẹta fi ìka pa ara ògiri, ó ní kì í ṣe bọ̀, bó ni. Mo ń bó. Ògiri ló ń fẹjọ́ ọ̀dà rẹ̀ sùn.

Mo rẹ́rìn-ín títí. Títí Màámi fi jáde láti ìdáná.

Kò pariwo. Ó gbé ọwọ́ lé ọ̀rọ̀ náà. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún ọ náà nìyẹn."

Bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́bọ̀ yẹn, kí Bàámi tó lọ síbi iṣẹ́: sọ fún ìyá rẹ pé mo ń bọ̀. Èmi ló rán. Mo jẹ́ ẹ nílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn tí ẹ̀mí ti bọ́.

Ọjọ́bọ̀, 7

Màámi dá iṣẹ́ dúró. Kò sí pákó tó gbọ́dọ̀ bo ibẹ̀. Bàbá Ẹ̀ẹ̀mẹta ní pákó tí òun ti rẹ́ ńkọ́? Màámi ní kó máa wò ó. Pákó fẹ̀yìn ti àga mi, ó ń wò mí.

Màámi yọ bàtà Bàámi jáde. Ó kùn ún. Ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà, orí bàtà kọjú sínú ilé.

Ẹtì, 8

Màámi kò ti ìlẹ̀kùn mọ́.

Àbámẹ́ta, 9

Oúnjẹ ọ̀sán: abọ́ mẹ́rin. Ẹni mẹ́ta. Kò sí ẹni tó lè gbé ojú sókè. Sáírìn gan-an jẹun láìsọ̀rọ̀ — ẹ gbé àmì ẹ̀yẹ wá.

Ó dáa. Ìwé, sún mọ́ mi. Èmi ni mo kọ ọ́.

Ṣé o rí i, Sáírìn wá kí wa fún ọ̀sẹ̀ kan nígbà ìsìnkú. Ọ̀sẹ̀ náà ti pé oṣù mẹ́jọ. Yàrá mi ló ń sùn; àga pálọ̀ ni tèmi. Ọmọ yìí, dìde. Ọmọ yìí, ta ló bu ẹran jẹ? Òkú sì ni ẹ̀rù rẹ̀ — aṣọ Bàámi lórí okùn gan-an, kì í gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Mo wá mú pẹ́ńsùlù kápẹ́ńtà. Ìkọ̀wé Bàámi kì í ṣe ohun tuntun lọ́wọ́ mi. Òun ló máa ń "fọwọ́ sí" ìwé èsì ìdánwò mi láti kíláàsì kẹrin. Mo rò pé Sáírìn á di ẹrù, á lọ, n ó padà sórí ibùsùn mi. Eré ni.

Sáírìn kò lọ o. Ó ní òun ò lè fi àbúrò òun sílẹ̀ nínú irú èyí.

Bàtà yẹn ń dán.

Àìkú, 10

Mo mú aṣọ tútù, kí n nù ún. Màámi wà níbẹ̀, ó gbé àga síwájú ògiri, ó jókòó bí ẹni tó ń retí mọ́tò. Mo fi aṣọ nu fèrèsé. Ó ní mo ti ń gbọ́n.

Ajé, 11

N kò mọ bí mo ṣe máa kọ èyí.

Mo jí, ojú mi bọ́ sí kọ̀rọ̀ náà. Ilẹ̀ ti mọ́, oòrùn wà lára ògiri.

MO Ń BỌ̀

Àmì. Ẹnì kan ti fi àmì sí i. Èyí tó wà lórí N rọra tẹ̀ bí ọ̀já. Èyí tó wà lábẹ́ O, ó fi ẹnu pẹ́ńsùlù gún un, ó yí i po. Bàámi nìkan ló ń gún àmì báyẹn.

Iṣẹ́ Bàámi ni kó máa ka ìwé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, kó máa wá àṣìṣe. Kì í kọ ohunkóhun láìfi àmì sí i. Ìwé tí yóò fi rán mi ní iyọ̀ gan-an, àmì á wà lórí iyọ̀. Ó ti mú pẹ́ńsùlù rí, ó tún pátákó onígbàjámọ̀ kan ṣe lójú onígbàjámọ̀ náà. Mo jí gbogbo M rẹ̀, mo jí O rẹ̀, mo gbàgbé àmì.

Ó sì wá fi í sí i.

N kò lè wo ẹnu ọ̀nà. Bàtà wà níbẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 12

Mo bi Bàbá Ẹ̀ẹ̀mẹta léèrè ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ní àmì kan ṣoṣo tí òun mọ̀ ni ibi tí ayùn máa gbà. Sáírìn ńkọ́? Sáírìn ò lè dúró níbẹ̀ tó ìṣẹ́jú kan.

N kò jẹun. Sáírìn ní ọmọ yìí, ṣé ara rẹ ò yá? Ó fọwọ́ kàn mí níwájú orí. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀, mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́rú, 13

Màámi pè mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, sáàárín páálí. Ó ń nu eruku ara ìwé kan, kò wojú mi. Ó ní ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni òun fi gbà á gbọ́. Ọjọ́ karùn-ún, òun jókòó síwájú rẹ̀, òun fi awò sójú, òun sún mọ́ ọn. "Bàbá rẹ ò lè kọ N kí wọ́n fi í sílẹ̀ níhòòhò." Ó wá rẹ́rìn-ín — ẹ̀rín bí ikọ́, àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́jọ.

Mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ń retí ìgbátí. Kò dé.

Ó ní òun ló fi àmì sí i. Ọdún méjìdínlógún tí òun fi ń wo ọwọ́ wọn, òun náà mọ̀ ọ́n gún. "Wọ́n sọ ọ́ fún ọ lẹ́nu, ìwọ kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn náà ni. Mo kàn bá wọn tún un ṣe." Ó ní ọ̀rọ̀ yẹn ni òun ń jẹ láti oṣù mẹ́jọ. Láàárọ̀ tí ẹsẹ̀ òun bá kọ ilẹ̀, òun á ní: wọn ò sáà lọ láì dágbére.

Mo dìde, mo gba aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀, mo nu ìwé tó kàn.

Ó gbé bàtà kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹtì, 15

Pẹpẹ ìwé ti parí. Bàbá Ẹ̀ẹ̀mẹta gbé pákó ti ògiri, ó fi pẹ́ńsùlù tẹ̀ lé ara ògiri láti òkè délẹ̀, gbogbo wíwọ́ rẹ̀ jáde lára pákó. Ibẹ̀ ló gé. Ó wọlé ṣinṣin, bíi ìka sínú òrùka. Ó ní a kì í tún ògiri ṣe. Pákó ló ń kọ́ wíwọ́ ògiri. Ó tún ní kí n di orí téèpù mú. Mo dì í mú lónìí.

Ilé kẹta pẹpẹ náà ní kọ̀rọ̀ ọ̀tún, Màámi ò jẹ́ kó kan pákó sẹ́yìn rẹ̀. Ó to ìwé sọ́tùn-ún, ó tò ó sósì, ó fi àárín sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ náà. Bíi fèrèsé. Kò sọ fún Sáírìn ẹni tó kọ ọ́. Sáírìn ń kí ògiri láàárọ̀ báyìí, ó ń kúnlẹ̀ díẹ̀: ẹ káàárọ̀ o, ọkọ wa.

Àbámẹ́ta, 16

Páálí ti tán ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èèyàn lè fi iwájú rìn. Màámi sùn nínú yàrá rẹ̀ lánàá, kò jókòó síwájú ògiri mọ́.

Ìwé, ìwọ nìkan. Ti ara ògiri, mo ti jẹ́wọ́ ìyẹn. Ìyẹn kọ́ ni mo fẹ́ sọ.

Ọjọ́bọ̀ yẹn, ìsinmi ilé ìwé ni. Bàámi dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, téèpù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ wọn kọ̀rọ̀ náà kó tó lọ síbi iṣẹ́. Ó ní kí n dìde wá di orí rẹ̀ mú, ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Mo di ojú. Ó tún pè mí. Mo hanrun — irọ́ tó dáa jù tí mo ti pa láyé mi, ta ni ò ní gbà á gbọ́? Ó dúró díẹ̀. Mo gbọ́ tí téèpù ká ara rẹ̀ padà, fíù. Bàtà. Ìlẹ̀kùn.

Nílé ìwòsàn, Màámi di èjìká mi méjèèjì mú: kí ni wọ́n sọ, kí ni wọ́n sọ kí wọ́n tó jáde? Ohun tí gbogbo èèyàn máa ń sọ ni mo mú sọ.

Bàámi kò sọ pé òun ń bọ̀.