Ọwọ́ Òsì Ni Mo Fi Kọ Èyí

                                        Ilé Ìyá Rautio,
                                        Òpópónà Etí Adágún,
                                        Kettle Narrows, Ontario,
                                        Kánádà.
                                        Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kejì, ọdún 2018.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, Mopélọ́lá,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú ìtọ́jú ilé, ẹ kú wàhálà ọmọ. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Bùọ̀dá Gbádébọ̀ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Ṣé eyín iwájú Tanítolúwa ti hù padà? Ṣé Màámi ti jáwọ́ nínú gígun àkàbà lọ wo òrùlé fúnra wọn? Mo máa ń rò yín lọ́kọ̀ọ̀kan láàárọ̀, nígbà tí ilé yìí bá dákẹ́ rọ́rọ́.

Ẹ óò rí i pé ọ̀rọ̀ inú ìwé yìí wọ́ síbí wọ́ sọ́hùn-ún, bíi ti ọmọ jéléósinmi. Ẹ dákun, ẹ má bínú. Ọwọ́ òsì ni mo fi kọ ọ́. Mo mọ̀ pé èèyàn kì í fi ọwọ́ òsì na nǹkan sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ká má tíì sọ pé kó fi kọ lẹ́tà sí i. Ọwọ́ ọ̀tún mi ló wà nínú báńdéèjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó ka ìyókù, ẹ má sì kà á sí etí Màámi.

Ẹ rántí Ìyá Aili Rautio, opó tí mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Lóṣù Kejì lọ́dọọdún, àwọn ará ìlú yìí máa ń dúró nínú òtútù láti wá owó fún ọkọ̀ kékeré tó ń gbé àwọn tó ní jẹjẹrẹ lọ gba ìtọ́jú ní ìlú ńlá. Ibi tí ọ̀nà tí mọ́tò ń gbà lórí adágún tó ti dì ti gòkè sí èbúté ni wọ́n ń dúró sí. Àwọn apẹja tó ń ti àárín adágún bọ̀ á dẹ ìrìn ọkọ̀ wọn, wọ́n á sì sọ owó sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì pupa ọwọ́ ẹni. Kò sí àga, kò sí iná, èèyàn ò sì gbọdọ̀ jókòó sínú mọ́tò ṣe é. Wọ́n ní bí àwọn aláìsàn ṣe ń dúró de bọ́ọ̀sì lẹ́bàá títì nìyẹn, kí ọkọ̀ yìí tó wà. Urho, ọkọ Ìyá Aili, wà lára àwọn tó dúró bẹ́ẹ̀ kó tó kú.

Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe àánú nìkan ló gbé mi débẹ̀. Ọdún kejì mi rèé níbí, síbẹ̀ "ayálégbé Aili" lorúkọ mi. Ní kíláàsì, mo mọ ẹni tó ń jẹ èékánná, mo mọ ẹni tí ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ ti fi sílẹ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ bí mo ṣe ń rẹ́rìn-ín. Mo rò pé bí wọ́n bá rí mi níbi ìdúró yẹn, wọ́n á béèrè orúkọ mi.

Òtútù ọjọ́ náà burú. Yìnyín ń ké lábẹ́ bàtà bí ìgbà tí èèyàn bá tẹ àpò ẹ̀lúbọ́. Èémí mi dì mọ́ ìborùn, ìpéǹpéjú mi ń lẹ̀ pọ̀ bí mo bá ṣẹ́jú. Reino, apẹja kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ló kọ́kọ́ dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró. Níbí, bí èèyàn bá pàdé ẹlòmíràn nínú òtútù, ojú onítọ̀hún ló máa kọ́kọ́ wò, bóyá imú tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ń funfun, torí ibi tó bá funfun ló ti ń dì. Reino wo ojú mi títí, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ọmọ, mi ò mọ ojú tìẹ kà o! Tó o bá ti ń di yìnyín, kó o yáa pariwo."

"Mo gbọ́, sà."

"Ta ni sà? Bàbá mi ti kú tipẹ́. Reino ni wọ́n ń pè mí. Ìwọ ńkọ́?"

Mo sọ orúkọ mi. Ó bà á jẹ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó pè é. Inú mi dùn ju bó ti yẹ lọ.

Ìbọ̀wọ́ tí Ìyá Aili hun fún mi nípọn débi pé owó ẹyọ ń yọ̀ bọ́ nínú rẹ̀. Ojú sì ń tì mí láti fi ìbọ̀wọ́ gba nǹkan lọ́wọ́ àgbàlagbà. Mo fi ọwọ́ òsì di bọ́kẹ́ẹ̀tì mú tòun ti ìbọ̀wọ́ rẹ̀, mo bọ́ ti ọ̀tún, mo ń fi ọwọ́ lásán gba owó, mo ń tẹ orúnkún díẹ̀ bí mo ti ń dúpẹ́. Ó kọ́kọ́ ta mí bí ata. Nígbà tó yá, kò dùn mí mọ́. Èmi akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì wá rò pé òtútù ti mọ́ mi lára.

Ẹni tó bá ń dúró kì í kúrò níbẹ̀ àfi tí ẹlòmíràn bá wá gba bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Aili ló wá, wọ́n ń tẹ ọ̀pá wọn mọ́ yìnyín.

"Ṣé kí n gbà á?"

"Rárá mà, ẹ fi sílẹ̀. Kò wúwo."

"Ó dáa."

Wọ́n yí padà, wọ́n lọ.

Ẹ mọ ohun tí mo ní lọ́kàn. Nílé wa, ta ló máa gbé ẹrù ọwọ́ rẹ̀ lé àgbà lọ́wọ́ nígbà tó bá kọ́kọ́ béèrè? A ó ní rárá, wọ́n á ní ká gbé e wá jàre, wọ́n á já a gbà, a ó sì dúpẹ́. Mo ń retí kí wọ́n já a gbà. Ṣùgbọ́n lójú àwọn ará ibí, kí èèyàn béèrè lẹ́ẹ̀kejì dà bí ìgbà tó pe ẹnì kejì ní òpùrọ́. Ìyá Aili wọ ilé kan létí èbúté lọ bá àwọn tó ń mu kọfí, wọ́n ní akin ni ayálégbé àwọn, kí ẹnikẹ́ni má yọ mí lẹ́nu. Kò sì sí ẹni tó yọ mí lẹ́nu.

Reino ló tún padà kọjá. Ó na owó sí mi, owó náà já bọ́. Ọwọ́ mi ò lè pa dé.

"Mú ọwọ́ ẹ wá. Yé! Ta ló gbàgbé ọmọ yìí síta?"

Ìka mi ti rí bí eérú, ó sì le bí àbẹ́là. Reino ki ọwọ́ náà bọ abẹ́ abíyá rẹ̀ nínú ẹ̀wù, ó ń pariwo pe àwọn èèyàn. Ọkọ̀ tí a torí rẹ̀ dúró gan-an ló gbé mi lọ sí ìlú ńlá.

Ìka méjì tó tẹ̀lé àtàǹpàkò ló burú jù. Wọ́n ti dúdú ní ṣóńṣó. Dókítà ní òun ò ní gé nǹkan kan báyìí, pé ara fúnra rẹ̀ ló máa fi èyí tó máa yè hàn, ó sì lè di ìgbà ooru kí a tó mọ̀. Àwọn ìka yẹn la fi ń wá iṣan lára aláìsàn, ẹ̀gbọ́n mi. Bí wọ́n bá lọ, mi ò mọ irú nọ́ọ̀sì tí mo máa jẹ́. Mo máa ń wò wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń pààrọ̀ báńdéèjì, bí ẹni ń wo ojú ẹni tó fẹ́ bínú.

Ọjọ́ tí mo padà délé, Ìyá Aili jókòó sí ọ̀kánkán mi, ìbọ̀wọ́ ọ̀tún yẹn wà lórí tábìlì láàárín wa.

"O ní rárá."

"Mo mọ̀, mà."

"Kí ló dé tó o ní rárá?"

Mo ṣàlàyé bó ṣe rí nílé wa.

"Nítorí náà, ó yẹ kí n bi ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì?"

"Ó yẹ kí ẹ já a gbà lọ́wọ́ mi ni, mà."

Wọ́n mi orí títí. "Àwọn èèyàn ẹ le o." Láti ìgbà náà, wọn ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo ń gbọ́ tí wọ́n ń rìn káàkiri nísàlẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo di ìyarun mú, irun mi rí wúruwùru. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé kí n bá ẹ dì í?"

Ẹnu mi ti sọ ọ́ kí n tó rò ó. "Rárá mà, ẹ má ṣe ìyọnu."

"Ó dáa."

Wọ́n pa ilẹ̀kùn dé. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lórí àtẹ̀gùn. Ó dúró. Ó pẹ́ díẹ̀, ó tún ń gòkè bọ̀. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, ojú wọn pọ́n bíi ti ẹni tó fẹ́ jalè.

"Gbé e wá jàre," ni wọ́n wí, wọ́n sì já ìyarun náà gbà lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n mi, irun náà ò dára. Ó rí bí àwọ̀n tí Reino gbàgbé sínú omi. Mi ò tú u.

Ẹ bá mi kí Bùọ̀dá, ẹ bá mi fẹnu ko Tanítolúwa lẹ́nu. Bí Màámi bá béèrè mi, ẹ ní iṣẹ́ ilé ìwé ló pọ̀. Ẹ fi ìka méjì yìí sínú àdúrà.

Èmi ni àbúrò yín tó ń fọwọ́ òsì kí yín,

Àrìnpé